Mo Ti Wo Ti Ọrùn Yín

Gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àbúrò mi ló sọ ọ́, ọmọkùnrin àbúrò màmá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé kí n yá òun ní 150,000 náírà, owó ilé ti dé. Mo ní kò sí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ: ohun tó wà nínú àkáǹtì mi lálẹ́ ọjọ́ náà kò pé 30,000, oṣù ò sì tíì dé ìdajì. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Mo ti wo ti ọrùn yín."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó yà sí ibi iṣẹ́ mi ní Ìkẹjà, ó bá mi nínú kóòtù aláwọ̀ aró kan, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó balẹ̀ dé orí bàtà. Ohun tó rí nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tó tún ń sọ pé òun ò lówó, ahun ni.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kó aṣọ ọjọ́ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Kóòtù, 4,000 ní Katangúà, ọjà òkìrìkà. Owó tí mo fún télọ̀ láti tún un ṣe, 3,500. Ṣẹ́ẹ̀tì, 1,500, òkìrìkà ni òun náà. Ṣòkòtò, 5,000 fún aṣọ, 6,000 fún rírán. Bàtà, 7,000, ó ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ti pààrọ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,000 náírà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbéèrè kan sì wọ̀ mí lọ́kàn tó kọ̀ tí kò jáde: ṣé irọ́ ni mo ti ń pa fáyé látọjọ́ yìí?

Ọjọ́ tí Bàbá Télọ̀ yí léèsì mi sódì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ, torí mi ò mọ aṣọ wọ̀ látilẹ̀. Ìgbàgbọ́ mi tẹ́lẹ̀ ni pé aṣọ tó wọ́n ló ń gbé èèyàn yọ. Bí mo bá ti ná owó ńlá tán lórí aṣọ, ẹni tó máa rán an kíákíá lówó pọ́ọ́kú ni mo máa ń wá lọ.

Léèsì aṣọ ẹbí kan ló là mí lójú. 65,000 náírà ni wọ́n dá a lé wa, fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní ìparí ọdún 2024. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000, ẹ wá fi wé e. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san gbèsè rẹ̀. Mo gbé e fún ọmọbìnrin kan ládùúgbò tó gbà á ní 5,000, tó sì rán an mọ́jú. Lọ́jọ́ ìnáwó, a tó ogójì tí a wọ léèsì kan náà. Aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà, gèlè kan náà. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń wo fọ́tò lẹ́yìn náà, mo rí i pé ojú ń fo èmi kọjá, ó ń lọ bà sórí obìnrin kan tó dúró lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ìyá àgbàlagbà kan tí mi ò mọ̀ rí. Àfi bíi pé òun nìkan ló ra ojúlówó, tí àwa yòókù ra ayédèrú.

Mo kó léèsì mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀ ní Àgége, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń fi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ lábẹ́ páànù. Mo ní ó fún mi ní ìbàdí, kí wọ́n bá mi tú u díẹ̀. Wọn ò wo iwájú aṣọ rárá. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n dì í mú ní èjìká méjèèjì, wọ́n sì yí i sódì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń yí àpò ìrẹsì láti gbọn ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú.

Ohun tí mo rí tì mí lójú. Òwú yọ jákujàku káàkiri bí irun àgbàdo. Ojú rírán ọ̀tún tẹ́ẹ́rẹ́, ti òsì gbòòrò, síìpù ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Òdòdó ńlá ara léèsì náà, ìdajì rẹ̀ wà láyà, ìdajì kejì tó yẹ kó pàdé rẹ̀ ti sá lọ sí ìhà. Bàbá fi èékánná tọ ojú rírán náà láti abíyá dé ìbàdí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, aṣọ yìí lówó lójú, kò lọ́wọ́ nínú."

Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fa kóòtù kan yọ láàárín aṣọ àwọn oníbàárà tó wà lórí ìkọ́, wọ́n yí òun náà sódì. Mo rò pé aṣọ ilé ìtajà ńlá ni. Wọ́n ní òkìrìkà ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lẹni tó ni ín rà á. Gbogbo etí aṣọ inú rẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì, ìlà ara rẹ̀ sì pàdé gẹ́lẹ́ níbi tí apá ti wọ èjìká, bíi pé wọn ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án rí. Ní etí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó rán an ti ṣẹ́ aṣọ tó tó ìbú ìka méjì pamọ́ sínú. Bàbá fi ìka tẹ ibẹ̀. "Ṣé o rí i? Ẹni tó rán èyí mọ̀ pé ara èèyàn ń sanra, ó sì ń rù. Ó fi ọ̀la sílẹ̀ fún un. Ẹni tó rán tìrẹ gé ọ̀la dànù."

Wọn ò rí léèsì mi tú. Kò sí aṣọ kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n máa fà jáde. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí mi dòní.

Ohun tí ojú ń kà

Ojú èèyàn kì í ka iye owó, torí kò sí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn rìn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ojú ń kà. Ṣé ojú rírán èjìká bà lórí egungun èjìká, àbí ó ti yọ̀ bọ́ sí apá? Ṣé ṣòkòtò balẹ̀, àbí ó ká jọ sí ọrùn ẹsẹ̀? Ṣé ẹyẹ ara àǹkárá dúró, àbí ó ń forí sọlẹ̀? Mo ti rí àǹkárá Vlisco gidi, ti ilé-iṣẹ́ tó wà ní Helmond lórílẹ̀-èdè Netherlands láti 1846, tí télọ̀ gé tí ẹyẹ iwájú ń fò lọ sókè, tí tẹ̀yìn sì ń já bọ́. Owó aṣọ náà ti ṣòfò kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́ jáde. Mo sì ti rí kàmpálà Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta, tí kò wọ́n rárá, tí wọ́n fara balẹ̀ gé, tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí gbogbo ọ́fíìsì ń bi ẹni tó wọ̀ ọ́ pé níbo ló ti rà á.

Ìṣirò mi wá yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ní 20,000, 17,000 á lọ sórí aṣọ, télọ̀ á gba 3,000. Ní báyìí, ọgbọọgba ni mo máa ń pín in, nígbà míì owó télọ̀ á ju ti aṣọ lọ. Mo tún kọ́ láti máa wo bọ́tìnnì, torí bọ́tìnnì oníke tó ń dán yinrinyinrin ló ń tú àṣírí kóòtù. Mo máa ń já a kúrò, màá fi èyí tí kò dán rọ́pò rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó búrẹ́dì kan.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ aṣọ ọ̀sẹ̀, bí iná bá wà. Aṣọ tó bá dúdú, mi ò kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kàn án lára. Mo ní ìnura funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan; màá rẹ ẹ́ sómi, màá fún un, màá tẹ́ ẹ lé aṣọ lórí, kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Omi á han ṣìì, ooru á gòkè, ìlà ṣòkòtò á sì dúró gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹni tó bá ń gbé iná tẹ aṣọ dúdú lórí ní tààrà, kó wo ìdí ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: yóò ti máa dán bí ike.

Katangúà láàárọ̀ kùtù

Kí aago mẹ́jọ tó lù ni mo máa ń dé Katangúà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, nígbà tí wọ́n bá ń tú bẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, torí bó bá di ọ̀sán, àwọn tó ń rà á lọ tà ní ṣọ́ọ̀bù á ti ṣa èyí tó dára lọ. Ọjà Aswani ní Ìṣọlọ̀ náà dára lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò lè fi gbogbo ẹnu yin òkìrìkà o. Gbogbo wa la mọ̀ pé òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó aṣọ àlòkù wọlé, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ó ń gba ọ̀nà Kùtọ̀nú wọlé. Mo máa ń rántí United Nigerian Textiles ní Kàdúná, ilé ìhunṣọ ńlá tó tilẹ̀kùn ní 2007, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kóòtù àti ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ń rà níbẹ̀. Ṣòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì, ìró àti bùbá, télọ̀ wa ló ń rán wọn.

Mo ti ń ṣe bíi Bàbá Télọ̀ báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ yí aṣọ sódì. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tà á kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Àǹtí, iwájú lèèyàn ń wò!" Màá máa bá iṣẹ́ mi lọ. Màá fún aṣọ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, màá kà á dé mẹ́wàá, màá tú u sílẹ̀. Èyí tó bá rún tí kò padà, mi ò lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, torí bí mo bá fi wọ bọ́ọ̀sì láti Ìyánà-Ìpájà dé Ìkẹjà, á ti dà bí ohun tí wọ́n fà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Màá gbé abíyá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ wò. Bí ibẹ̀ bá ti pọ́n, kò sí ọṣẹ tó lè gbà á là. Bí èjìká bá sì tóbi jù, bó ti wù kó wù mí tó, màá dá a padà sórí òkìtì, torí Bàbá ti sọ fún mi pé èjìká ni òpó ilé. Èèyàn lè gé ọwọ́ kúrú, ó lè fún ìbàdí, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ tú èjìká kóòtù, kó kúkú lọ rán tuntun.

Sányán kì í pariwo

Àwọn kan gbà pé kí aṣọ máa dán, kó ní òkúta, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ gbàgàdà wà láyà rẹ̀, pé ìyẹn ni aṣọ olówó. Bí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, àpótí ìyá àgbà mi ni mo máa ń rántí. Agbádá sányán bàbá àgbà wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Inú ilé kòkòrò kan tí wọ́n ń ṣà nínú igbó ni òwú rẹ̀ ti wá; wọ́n ń sè é, wọ́n ń ran án, kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Pẹ̀lú gbogbo làálàá yẹn, àwọ̀ rẹ̀ kò ju àwọ̀ koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ẹtù tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú bí aró, ìlà funfun tíntìntín sì wà lára rẹ̀ bíi ti ìyẹ́ ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Aṣọ méjèèjì kò dán, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí wọn láyà. Ẹni tó bá gbé wọn wọ̀ wọ agbo, àwọn èèyàn á sún fún un kó jókòó.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti yá àwọ̀ mẹ́ta tí mò ń wọ̀: aró, eérú, funfun. Èyíkéyìí tí ọwọ́ mi bá bà láàárọ̀ á bá ìyókù mu, kò sì sí ẹni tó lè tètè mọ̀ pé kóòtù mi ò ju méjì lọ. Báàgì mi kò ní orúkọ lára. Mo ti gbé èyí tí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ Faransé kan lẹ̀ rí, ojú mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ ojúlówó rẹ̀.

Ìrínisí

Mo wá padà sórí ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi gbìn sí mi lọ́kàn: ṣé irọ́ ni mo ti ń pa?

Lọ́dún tó kọjá, mo sáré gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Aṣọ ilé ló wà lọ́rùn mi, àǹkárá tó ti ṣá, àti sílípáàsì. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì kò gbójú sókè. Ó ní ká lọ jókòó. Wákàtí méjì la fi jókòó. Nígbà tí a padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ, kóòtù yìí ló sì wà lọ́rùn mi. Obìnrin yẹn kan náà dìde. "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ mú màmá wá síbí." Ìyá kan náà, àìsàn kan náà, owó káàdì kan náà. Ẹkún gbọ̀n mí lọ́jọ́ yẹn, torí mo rántí àwọn tó jókòó tì wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí wọn ò ní kóòtù tí wọ́n máa wọ̀ padà wá.

Ìrínisí ni ìsọnilójọ̀. Ẹni tó ń múra ni wọ́n máa ń fi òwe yẹn kìlọ̀ fún. Èmi rò pé ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ló yẹ kí wọ́n fi kìlọ̀ fún. Àmọ́ màmá mi gbọ́dọ̀ rí dókítà, kò sì lè dúró di ìgbà tí ayé bá yí padà. Nítorí náà, màá wọ kóòtù mi. Ààbò ni fún ẹni tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò mọ ẹni kankan tó lè pè lórí fóònù.

Irọ́ wà níbòmíràn. Wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àgbàbọ̀ ni léèsì yẹn lọ́rùn mi, bí mo tilẹ̀ ra á, torí owó tí mi ò tíì rí gbà ni mo wọ̀ lọ sóde. Kóòtù 4,000 tí mo san tán kì í ṣe irọ́.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ní, "Hàà, aṣọ yìí á wọ́n gan-an," mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Màá ní "ẹ ṣé," màá sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn máa ń dùn mọ́ mi. Mo ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ará ilé wa fún ọdún méjì gbáko, níwájú àbúrò mi pẹ̀lú, òun náà sì fi ohun tó rí ṣe òṣùwọ̀n.

Ọjọ́ Sátidé

Mo pè é wá lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo gbé kóòtù náà lé e lọ́wọ́, mo ní kó yí i sódì. Mo fi ibi tí Bàbá ti fún un hàn án, mo sọ iye ohun kọ̀ọ̀kan, títí dórí bàtà. Mo ṣí fóònù mi, mo jẹ́ kó rí àkáǹtì mi. Ó wò ó, ó wò mí. "Ẹ má bínú, Àǹtí mi." Mo ní kò sí ìbínú. Mo fún un ní 10,000, mo ní kó má dá a padà.

Ìgbà yẹn ló tó sọ pé wọ́n pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àti pé nínú owó tí òun fẹ́ yá, 60,000 ni òun ti yà sọ́tọ̀ fún kóòtù.

Mo ní, "Kóòtù bàbá ẹ ńkọ́?"

Ó ní ti ayé ọjọ́un ni, ó tóbi. Mo ní kó lọ gbé e wá.

Bàbá Télọ̀ gba kóòtù náà, wọ́n yí i sódì, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. Wúùlù aláwọ̀ eérú ni. Láínìn rẹ̀ ti gbó lábẹ́ abíyá, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in. Wọ́n fi ìka wọn aṣọ tó wà nínú rẹ̀.

"Ta ló rán an?"

Àbúrò mi ní òun ò mọ̀ sà, pé wọn ò tíì bí òun nígbà náà.

"Ọ̀gá ni," Bàbá wí.

Wọ́n ní kó wọ̀ ọ́. Èjìká bà á mu rẹ́mú. Ìbàdí àti ọwọ́ ló kù. Wọ́n ní kó dúró gbọọrọ, kó má fa ikùn sínú. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi píìnì ṣẹ́ ọwọ́ kóòtù sókè títí egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi yọ.

"Èló ni, Bàbá?" Àbúrò mi ló béèrè, kí n tó lanu.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Wá gbà á ní Ọjọ́rú."

Ó ti ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.